Bathurst 1963 sí 1972: ẹ́ńjìnì ló ń gba ife ni, àbí bíréèkì?

Ọmọ_Òkè

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè mi dá lórí ìgbà tí eré ìje ọkọ̀ sàlúùn gbóná jù ní Mount Panorama, ní Bathurst, New South Wales, ní Australia. Mo ń sọ nípa 1963, ọdún tí wọ́n kó ìje 500 máìlì kúrò ní Phillip Island wá síbẹ̀, títí dé 1972.

Ohun tí kò yé mi nìyí. Lọ́dún 1966, Mini Cooper S tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju 1275 cc lọ ló gba ipò kìíní títí dé ìkẹsàn-án. Nígbà tó di 1967, Ford Falcon XR GT tó ní V8 (ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́jọ) ló gba ife, Mini kò sì tún rí ọ̀nà gbà mọ́. Bó bá jẹ́ pé agbára ẹ́ńjìnì ni gbogbo rẹ̀, kí ló dé tí àwọn ọkọ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ ní 1966 kò rí nǹkan kan ṣe? Bí kò bá sì í ṣe agbára, kí ló wá yí padà láàárín oṣù 12 péré?

Kì í ṣe ìtàn nìkan ni mo ń wá. Sàlúùn kan ti ìgbà yẹn wà nílẹ̀ tí à ń tún ṣe fún eré ìje ọkọ̀ àtijọ́ lórí ọ̀nà olókè. Bíréèkì dísìkì (irin pẹlẹbẹ tí páàdì ń fún) ló wà níwájú, ti dúróọ̀mù (irin bí ìlù tí ṣúù ń tẹ̀ láti inú) lẹ́yìn, bí iléeṣẹ́ ṣe kó o jáde gẹ́lẹ́. Ìyípo márùn-ún àkọ́kọ́ á dára. Tó bá ti di ìkẹfà, pẹ́dà bíréèkì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Tí ọkọ̀ bá tutù tán, á padà sípò bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Àwọn ti Bathurst sá ìyípo 130 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọgbọ́n wo ni wọ́n dá?

Ìwé_Ìje

Ẹ kú iṣẹ́, Ọmọ_Òkè. Ẹ jẹ́ ká ti ibi òfin bẹ̀rẹ̀, torí òfin ló so gbogbo ọ̀rọ̀ yìí pọ̀.

Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè wọ ṣọ́ọ̀bù lọ rà ni wọ́n ń sá níbẹ̀. Bí iléeṣẹ́ bá ṣe tà á ni ẹ ó ṣe gbé e gun òkè: kabúrétọ̀ kan náà, jíà kan náà, dísìkì kan náà, táǹkì epo kan náà. Iye tí wọ́n ń tà á ni wọ́n sì fi ń pín ọkọ̀ sí kíláàsì. Ẹni tí bíréèkì rẹ̀ kò tó kò lè dédé lọ ra èyí tó tóbi jù ú lọ kó dè é mọ́ ọn. Àfi kí iléeṣẹ́ fúnra wọn fi sára ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé. Ibẹ̀ ni Cortina GT500 ti 1965 ti wá, ibẹ̀ náà ni Falcon GTHO ti wá. Orí òkè yẹn ló bí wọn.

Cortina GT ló kọ́kọ́ jẹ gàba: Harry Firth àti Bob Jane ní 1963, Bob Jane àti George Reynolds ní 1964, Barry Seton àti Midge Bosworth ní 1965 pẹ̀lú GT500. Lẹ́yìn náà ni Rauno Aaltonen, ọmọ Finland, pẹ̀lú Bob Holden wá gbé Mini nọ́ńbà 13 dé ní 1966.

Ní ti àwọn ọkọ̀ ńlá ìgbà náà, dúróọ̀mù ni púpọ̀ nínú wọn gbé kiri lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n lè fò lọ ní Mountain Straight, ọ̀nà tààrà tó gun òkè, bí ẹyẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti yí Skyline, kọ́nà orí òkè, tán tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́, ohun tí wọ́n jèrè lọ́wọ́ òkè ni ìsàlẹ̀ máa ń gbà padà. Mini ní dísìkì níwájú, ó sì fúyẹ́. Ohun tó yí padà ní 1967 ni pé XR GT kó nǹkan méjèèjì wá pọ̀ sínú ọkọ̀ kan: V8 lítà 4.7 tó ní agbára ẹṣin 225, àti dísìkì níwájú. Síbẹ̀, ẹ wo bí ó ṣe ṣòro tó. Àwọn ọmọ ìyá méjì, ìdílé Geoghegan, ni wọ́n kọ́kọ́ ju àsíá fún. Ìgbà tí wọ́n tún ìyípo kà ni wọ́n tó rí i pé Firth àti Fred Gibson ló borí. Falcon ni àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀.

Èyí tó kù kò gùn. Ní 1968, Bruce McPhee gba ife pẹ̀lú Holden Monaro GTS 327. Ní 1969, Colin Bond àti Tony Roberts pẹ̀lú Monaro GTS 350. Allan Moffat gba 1970 àti 1971 pẹ̀lú Falcon GTHO, ẹ̀dà Phase II lákọ̀ọ́kọ́, Phase III tẹ̀ lé e. Peter Brock wá fi Holden Torana XU-1 gba 1972. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ọwọ́ bíréèkì dáadáa, ẹ bá wa tẹ̀ síwájú níbẹ̀.

Bàbá_Bíréèkì

Ìwé_Ìje ti sọ ọ́ dé ojú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kún un, torí ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò náà á rò pé bíréèkì kò ju ọ̀rọ̀ páàdì lọ.

Láti ẹsẹ̀ òkè dé orí rẹ̀ ní Bathurst jẹ́ mítà 174. Conrod Straight tó ń bọ̀ sísàlẹ̀ gùn tó kìlómítà méjì ó dín díẹ̀, ó sì parí sí Murray's Corner, kọ́nà apá òsì tó ṣẹ́ bí igun àpótí. Ẹ mú Falcon Phase III kan, ọkọ̀ fúnra rẹ̀, awakọ̀ àti epo, ká pè é ní kílò 1,700. Tó bá ń sá 210 lọ́nà wákàtí, tó sì ní láti wá sí 60 kó tó yí kọ́nà, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ sọ di ooru á tó megajoule 2.6. Ẹ mú Mini tí òun àti awakọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 800, tó ń sá 160: kò tó megajoule 0.7. Ti Falcon fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti Mini, ṣùgbọ́n dísìkì Falcon kò tóbi ju ti Mini lọ ní ìlọ́po mẹ́rin.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé ni òkè fúnra rẹ̀. Kílò 1,700 tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 174 gbé megajoule 2.9 wá ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ á gba díẹ̀ níbẹ̀, ẹ́ńjìnì tí ẹ fi sí jíà kékeré á gba díẹ̀, ìyókù orí bíréèkì ló ń bọ̀. Lórí pápá tó tẹ́jú, ẹ kò ní gbé ẹrù yìí rárá. Ìdí tí ọkọ̀ tó ṣe dáadáa níbòmíràn fi ń ṣubú ní Bathurst nìyẹn.

Ibo ni ooru náà ń lọ? Tí iwájú bá gbé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, tí dísìkì kan bá wúwo tó kílò 8, ìtẹ̀ kan ní ìparí Conrod á gbé dísìkì kọ̀ọ̀kan sókè ní nǹkan bí 230 °C. Ìtẹ̀ kan péré. Bó ṣe ń bọ̀ láti àwọn kọ́nà ìsọ̀kalẹ̀ The Esses, The Dipper àti Forrest's Elbow, ó ti gbóná tẹ́lẹ̀. Ó ní láti tutù lórí Mountain Straight kó tó tún dé orí òkè. Bí kò bá tutù tó, ìyípo tó ń bọ̀ á gbé e ga sí i.

Wàyí o, ẹ̀yin Ọmọ_Òkè. Àìsàn mẹ́rin ló ń jẹ́ kí bíréèkì tó gbóná má ṣiṣẹ́, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Ẹ má ra nǹkan kan títí ẹ ó fi mọ èyí tó ń ṣe yín.

Àkọ́kọ́, kí pẹ́dà wà lókè, kó le bí òkúta, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ má dúró. Páàdì ló ti gbóná kọjá agbára rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ lè rí èéfín. Epo bíréèkì yín kò ṣe nǹkan kan.

Ìkejì, kí pẹ́dà rọ̀ bí ìgbà téèyàn ń tẹ tìmùtìmù, kó máa lọ sílẹ̀. Epo bíréèkì ti hó nínú kálípà (irin tó gbé páàdì mú dísìkì), ó di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń fún pọ̀, epo kì í fún pọ̀. Tó bá tutù, afẹ́fẹ́ náà á padà di olómi, pẹ́dà á sì padà sókè, tí ẹ ó fi rò pé ó ti tán. Kò tán. Omi tó wà nínú epo náà ṣì wà níbẹ̀.

Ìkẹta, kí pẹ́dà lọ sísàlẹ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n kó le lẹ́sẹ̀ tó bá débẹ̀. Tí ẹ bá yára tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á gòkè. Dúróọ̀mù ẹ̀yìn ló ti fẹ̀. Irin máa ń gbòòrò tó bá gbóná: dúróọ̀mù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 250 á fi mílímítà 1.1 fẹ̀ sí i tó bá fi 400 °C gbóná sí i. Ṣúù ní láti rìn jìnnà kó tó kàn án, ẹsẹ̀ yín ló sì ń san owó ìrìn náà. Dísìkì kì í ṣe báyìí, torí tó bá gbòòrò, ó ń sún mọ́ páàdì ni, kì í sá fún un.

Ìkẹrin, kí ìtẹ̀ àkọ́kọ́ jìnnà lẹ́yìn tí ẹ bá fi táyà gun etí ọ̀nà, kí ìkejì sì dára pátápátá, yálà ó gbóná tàbí ó tutù. Bíárìn wíìlì ló ń mì tàbí dísìkì ló wọ́, ó ti páàdì sẹ́yìn wọ inú kálípà.

Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ padà wá sọ fún wa: ṣé ó rọ̀ ni, àbí ó jìnnà?

Táyà_Ọ̀tún

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Bàbá sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fojú di táyà. Ìje 1969 ló fi hàn. GTHO ni ọkọ̀ tó yára jù lọ́dún yẹn, táyà eré ìje ni wọ́n sì wọ̀ fún un. Ní ìyípo àkọ́kọ́ gan-an, Falcon Bill Brown dojú dé ní Skyline, ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Moffat wọlé wá pàrọ̀ táyà ṣáájú àsìkò nítorí ìbẹ̀rù, nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan tó ṣe táyà tí wọ́n bọ́. Àkókò tó ṣòfò yẹn kò padà mọ́. Monaro ló gba ife. Ní 1971, táyà bẹ́ lẹ́sẹ̀ Phase III Bill Brown kan náà ní McPhillamy Park, ọkọ̀ yí lórí ọgbà etí ọ̀nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí méjì. Àánú Ọlọ́run ni pé ó jáde láàyè.

Ẹ wo àwòrán ọ̀nà náà. Apá òsì ni wọ́n ń yí i. Hell Corner, òsì. The Cutting, òsì. The Dipper, òsì. Forrest's Elbow, òsì. Murray's Corner, òsì. Mẹ́ta tó kẹ́yìn yẹn, orí ìsọ̀kalẹ̀ ni wọ́n wà, níbi tí bíréèkì ti ti ẹrù ọkọ̀ síwájú. Òsì tí ẹ ń yí sí ti ẹrù sí ọ̀tún, bíréèkì ti í síwájú, òkè fi tirẹ̀ kún un: táyà ọ̀tún iwájú ló ń gbé gbogbo ìyà náà. Òun ni kí ẹ máa kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá ń yẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò bákan náà, èyí tó máa bẹ́ ni kò wò dáadáa.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Ara táyà ojú títì máa ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn tí ẹrù bá pọ̀ lórí rẹ̀, títẹ̀ yẹn ló sì ń dá ooru sílẹ̀ títí okùn inú rẹ̀ fi máa já. Ìdí tí a fi ń fún un ní afẹ́fẹ́ ju ti ìrìn ojoojúmọ́ lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 40 psi ni ẹ fi sí i ní tútù, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì fi 50 °C gbóná sí i, á di nǹkan bí 49. Nítorí náà iye tó ń jẹ́ ti gbígbóná ni kí ẹ lépa, kí ẹ padà ṣírò ti tútù. Kí géèjì wà lọ́wọ́ ẹni tó dúró ní pítì, kó wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan tí ọkọ̀ dúró, ọ̀tún iwájú lákọ̀ọ́kọ́. Tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, irọ́ ni géèjì á máa pa fún yín.

Ohun kan tún kù. Táyà ojú títì tuntun tí eyín rẹ̀ ṣì jin mílímítà 8 kò dára fún eré sísá. Àwọn eyín gíga yẹn á máa mì lábẹ́ ẹrù, wọn á gbóná, wọn á sì máa bó ní ègé-ègé. Ẹ gé e kù sí mílímítà 4 tàbí 5, tàbí kí ẹ lo èyí tó ti rìn díẹ̀.

Epo_Ò_Tó

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, epo náà wà ńbẹ̀ o. Ìyípo 130 yẹn jẹ́ kìlómítà 802. Ká ní ọkọ̀ V8 kan ń jẹ lítà 45 fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà lórí òkè yẹn. Á fẹ́ lítà 361. Tí táǹkì rẹ̀ bá jẹ́ 75, ìdúró mẹ́rin ni kéré tán. Táǹkì Phase III gba gálọ́ọ̀nù 36, ìyẹn nǹkan bí lítà 164: ìdúró méjì ti tó. Mini Cooper S ní táǹkì méjì, gálọ́ọ̀nù márùn-ún ààbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, lítà 50 lápapọ̀, kò sì jẹun púpọ̀. Ẹ rí i pé táǹkì tí iléeṣẹ́ fi sára ọkọ̀ wà lára ohun tó ń gba ife.

Ṣùgbọ́n Bàbá_Bíréèkì, ẹ fi èyí kún ìṣirò yín: lítà 164 jẹ́ nǹkan bí kílò 120 tó bá kún. Ẹrù èèyàn méjì ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí ìje bẹ̀rẹ̀, bíréèkì sì ni yóò dá a dúró. Awakọ̀ tó gbọ́n á tọ́jú bíréèkì ní ìyípo àkọ́kọ́ tí táǹkì kún, kó tó wá máa tẹ̀ ẹ́ gidi.

Ẹni tó bá ń ṣe táǹkì fún irú ọ̀nà báyìí, ẹ gbé ẹnu páìpù tó ń fa epo sí ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Gígun òkè ń ti epo sẹ́yìn, yíyí sí òsì ń ti i sí ọ̀tún. Tí ẹ bá gbé e sí òsì, nígbà tí epo bá kù ìdá mẹ́rin, ẹ́ńjìnì á máa wúkọ́ ní The Cutting, ẹ ó sì rò pé kabúrétọ̀ ló bàjẹ́.

Ọmọ_Òkè

Ẹ ṣé gan-an, kò ní rẹ̀ yín o. A ti yẹ̀ ẹ́ wò bí Bàbá ṣe wí. Méjèèjì ló wà ńbẹ̀: ó jìnnà díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, tí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì á gòkè, ṣùgbọ́n ní ìyípo kan sí i ó rọ̀ pátápátá, títẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Epo bíréèkì inú rẹ̀ ti dàgbà, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bíi ti tíì. Ẹni tó ń fún ṣúù mọ́ dúróọ̀mù máa ń fún un nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kí pẹ́dà lè ga fún ìjáde kejì. Páàdì iwájú ku mílímítà 5. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá_Bíréèkì

Ẹ dá ẹni tó ń fún ṣúù mọ́ dúróọ̀mù ní gbígbóná yẹn dúró lónìí olónìí. Dúróọ̀mù tó gbóná ti fẹ̀. Tí ẹ bá sún ṣúù mọ́ ọn báyìí, tó bá tutù á sún kì, á di ṣúù mú, wíìlì kò ní yí mọ́, tàbí kó máa ha láìdúró títí á fi tún gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tútù pátápátá ni kí ẹ máa fún un: ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ẹ fún un títí wíìlì kò fi yí, kí ẹ wá tú u díẹ̀díẹ̀ títí á fi yí tí ẹ ó kàn máa gbọ́ híha fẹ́ẹ́rẹ́. Àti pé ẹ má fa bíréèkì ọwọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá wọlé ní gbígbóná. Ẹ fi igi di táyà. Dúróọ̀mù tó ń tutù lórí ṣúù tí a fà mọ́ ọn lè má ṣe rí róbótó mọ́, ẹsẹ̀ yín á sì máa gbọ̀n lórí pẹ́dà láti ọjọ́ náà lọ.

Páàdì tó ku mílímítà 5 kì í ṣe páàdì fún òkè mọ́. Páàdì ló ń dáàbò bo kálípà lọ́wọ́ ooru dísìkì. Bó bá ṣe ń tín-ín-rín ni ooru ń yára dé ọ̀dọ̀ písítìnì, láti ibẹ̀ sínú epo. Ẹ máa pàrọ̀ rẹ̀ tó bá ti dé ìdajì. Àwọn tó ń sá ìyípo 130 yẹn kì í dúró dìgbà tí irin á kan irin.

Epo bíréèkì. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó tó 205 °C; tó bá ti mu omi, 140 ni òfin béèrè. DOT 4 tuntun, 230. Tó bá ti mu omi, 155. Epo eré ìje tuntun máa ń kọjá 300. Ẹ rí i pé omi tó wọ inú rẹ̀ gba iye tó pọ̀ lọ́wọ́ yín. Láti inú afẹ́fẹ́ ló ti ń mu omi náà, nítorí náà ìgò tí ẹ ti ṣí sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kì í ṣe tuntun mọ́, bó tilẹ̀ kún.

Bí ẹ ó ṣe pàrọ̀ rẹ̀: ẹ ra lítà kan. Ẹ fa ti inú ìkòkò orí másítà (ibi tí pẹ́dà ti ń ti epo bíréèkì) jáde, ẹ fi tuntun rọ́pò. Wíìlì tó jìnnà sí másítà jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lórí ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, òsì ẹ̀yìn, ọ̀tún ẹ̀yìn, òsì iwájú, ọ̀tún iwájú. Kí ẹnì kan máa tẹ pẹ́dà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí èkejì máa ṣí níbùlù (ẹnu kékeré tí epo ń gbà jáde) kó sì tì í kí ẹsẹ̀ tó kúrò. Ẹ má jẹ́ kí ìkòkò gbẹ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ègé pákó kan sábẹ́ pẹ́dà kó má lè kan ilẹ̀. Másítà àtijọ́ máa ń dípẹtà ní ibi tí písítìnì rẹ̀ kì í dé lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, rọ́bà á kọjá lórí ìpẹtà náà, á ya, ẹ ó sì wá máa wá afẹ́fẹ́ tí kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá wọ páàdì tuntun, ẹ má gbé e lọ fún ìje lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ sá dé 100 lọ́nà wákàtí, ẹ tẹ̀ ẹ́ wá sí 30, ẹ má dúró pátápátá. Ẹ ṣe é bí ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ le sí i. Lẹ́yìn náà ẹ wakọ̀ kiri láìfọwọ́ kan bíréèkì títí á fi tutù. Gáàsì ló wà nínú gọ́ọ̀mù páàdì tuntun. Tí ẹ kò bá lé e jáde báyìí, Conrod ni yóò ti jáde, páàdì á sì máa yọ́ lórí gáàsì náà bí ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ ọlọ́ṣẹ. Tí ẹ bá sì dúró tí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tí ó gbóná, àpá páàdì á lẹ̀ mọ́ ojú dísìkì.

Bí òfin ìje yín bá gbà, ẹ gbé páìpù afẹ́fẹ́ mílímítà 75 láti iwájú ọkọ̀ wá sí àárín dísìkì, kì í ṣe etí rẹ̀ lásán. Ẹ yọ páànù tó ń dènà eruku.

Ìwé_Ìje

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un nípa 1972, torí ó bá ohun tí à ń sọ mu. Phase III ní V8 lítà 5.8, kabúrétọ̀ Holley 780, àti ohun tó ń dá ẹ́ńjìnì lẹ́kun ní 6,150 rpm (ìyípo ẹ́ńjìnì ní ìṣẹ́jú kan). Torana XU-1 ní sílíńdà mẹ́fà, lítà 3.3, kabúrétọ̀ Stromberg mẹ́ta. Ní títì gbígbẹ tó nà tààrà, kò sí bí Torana ṣe lè mú Falcon. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Lórí títì tútù, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ fúyẹ́ lè tẹ bíréèkì pẹ́ kí táyà tó yọ̀, Brock nìkan ló sì wa ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìje di kìlómítà 1,000, tí òfin sì sọ pé awakọ̀ méjì ni dandan. Ọdún 1972 náà ni ariwo ìwé ìròyìn lórí ọkọ̀ tó yára jù lójú títì dé, àwọn iléeṣẹ́ dáwọ́ dúró, òfin Group C sì gba ipò òfin ọkọ̀ ṣọ́ọ̀bù láti 1973.

Ẹ sì tún ṣàkíyèsí Torana A9X tó dé ní 1977: dísìkì ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́dún yẹn, Moffat àti Jacky Ickx ló ṣì borí pẹ̀lú Falcon, bíréèkì wọn sì ti ń kú lọ nígbà tí wọ́n parí. Ní 1979, Brock àti Jim Richards fi A9X borí pẹ̀lú ìyípo mẹ́fà, Brock sì fọ́ àkọsílẹ̀ ìyípo tó yára jù ní ìyípo tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn kìlómítà 1,000 gbáko. Ẹ ro bí bíréèkì náà ṣe gbọ́dọ̀ wà tó.

Ọmọ_Òkè

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: báwo la ṣe máa mọ ìwọ̀n ooru tí dísìkì dé nígbà tó wà lórí ìsọ̀kalẹ̀, kì í ṣe nígbà tó ti wọlé tó ti tutù díẹ̀?

Bàbá_Bíréèkì

Ọ̀dà tí ooru ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n máa ń tà pọ̀: aláwọ̀ ewé á di funfun ní 430 °C, aláwọ̀ ọsàn á di yẹ́lò ní 560, pupa á di funfun ní 610. Ẹ fọ etí dísìkì mọ́ tónítóní, kí gírísì má kù níbẹ̀, ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kékeré fa ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí páàdì kì í kàn, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn ìyípo mẹ́fà, ẹ wò ó. Tó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé nìkan ló yí padà, dísìkì yín wà láàárín 430 àti 560, páàdì ìje gidi á gbé e. Tí pupa bá ti funfun, afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀ tó, tàbí awakọ̀ yín ń fi ẹsẹ̀ sin pẹ́dà láti Skyline sísàlẹ̀ dípò kó ti bọ́ sí jíà kẹta ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gé irin fún páìpù: ìtẹ̀ kan tó le, ní ìlà tààrà, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ẹ fa ìlà náà sórí dúróọ̀mù ẹ̀yìn pẹ̀lú. Tí ọ̀tún àti òsì kò bá rí bákan náà, ẹ padà lọ wo bí ẹ ṣe fún ṣúù.